Orúnkún Ìyá Ìjọ

Bí ẹ bá ti lọ síbi ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ kankan rí ní Adó-Èkìtì, ẹ ó ti rí Morẹ́nikẹ́ Ayọ̀rìndé. Òun ni obìnrin tó wà lórí ìdúró. Gbogbo àwọn tó kù á ti jókòó, àwọn àlejò pàtàkì á ti máa tòògbé lórí àga tìmùtìmù, ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin yìí á dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gèlè rẹ̀ kò ní yẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ní gbọ̀n. Bí wọ́n bá gbé àga wá fún un, á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ n dúró." Àwọn èèyàn á wo ara wọn, wọ́n á ní obìnrin bí ọkùnrin nìyẹn.

Ará Adó ò kúkú ní rí nǹkan kó má mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìrìn rẹ̀ tí kò yá, wọ́n ní ìrìn ọlá ni. Pé kì í gun àtẹ̀gùn lọ bá àwọn olùkọ́ lókè, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń ránṣẹ́ pè wọ́n wá sísàlẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá tó mọ iyì ara rẹ̀ ni. Bàtà pẹlẹbẹ tó ń wọ̀, wọ́n ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó tún ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tí á máa sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé kí wọ́n gbé orí sókè, kí wọ́n má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Orúnkún ló ń dun obìnrin náà.

Tọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀, tòsì sì ti ń tẹ̀lé e. Bó bá jókòó, àtidìde á di ogun, ìdí nìyẹn tó fi ń dúró. Láàárọ̀, á wọ ilé ìwẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa hó sínú báàfù, kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́ bó ṣe ń kérora. Ó lọ rí dókítà. Kì í ṣe ní Adó o, Àkúrẹ́ ló lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Dókítà ya fọ́tò egungun náà, ó ní kerekere tó wà láàárín egungun ti jẹ tán. Ó wá bi í bóyá ẹnì kan ní irú rẹ̀ rí nínú ẹbí. Morẹ́nikẹ́ ní ìyá òun ni.

"Ó máa ń bá ìdílé rìn bẹ́ẹ̀," ni dókítà sọ. "Kò sẹ́ni tó fà á, mà."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó fi ọkàn èèyàn balẹ̀ nìyẹn, àbí? Morẹ́nikẹ́ jáde síta, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn, ó sunkún títí ìyá kan tí kò mọ̀ rí fi fún un ní omi inú ọ̀rá. Kì í ṣe nítorí orúnkún ló ṣe ń sunkún. Yèyé ló rántí.

Yèyé ni ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wú, ó le gbagidi, kò ṣeé ká. Wọ́n fi ewé pa á, wọ́n fi òróró pa á, kò gbọ́. Wọ́n gbààwẹ̀ lé e lórí. Níjọ́ kan, ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbàdúrà níbẹ̀ ríran, ó ní òun rí obìnrin àgbà kan nínú ilé yìí kan náà, tó ń fi egungun ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe ọmọ odó. Obìnrin àgbà mélòó ló wà nínú ilé? Yèyé nìkan ni. Yèyé sì ti bá ìyàwó jà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú lórí omi tí wọ́n dà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ọmọ tí Yèyé fi inú ara rẹ̀ bí ló kó ẹrù rẹ̀ síta. Morẹ́nikẹ́ ló ru àpótí ìjókòó rẹ̀ tẹ̀lé e dé ìdíkọ̀. Yèyé ò bú ẹnikẹ́ni, kò ṣépè. Ó gba àpótí rẹ̀ lórí ọmọ, ó ní kó tètè padà sílé kí òòrùn má pa á. Ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò rẹ̀ ló kú sí, ọdún ò tíì yípo. Ẹsẹ̀ ìyá Morẹ́nikẹ́ ò sì san. Ó ń tiro títí wọ́n fi gbé e wọ ilẹ̀.

Ẹ wá fi ìyẹn sọ́kàn, kí ẹ tó bi mí pé kí ló dé tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Morẹ́nikẹ́ náà mọ òwe yẹn, ó ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n Olúgbénga ọkọ rẹ̀ jẹ́ èèyàn dáadáa tí ẹnu rẹ̀ ò nílẹ̀kùn. Iléeṣẹ́ ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ aládùúrà ló sì ń gbé ayé rẹ̀ lọ bá. Bí táyà ọkọ̀ rẹ̀ bá jò, á sọ fún wọn. Màmá Mojísọ́lá, olórí àwọn aládùúrà, kì í sì í pẹ́ ríran. Olúgbénga sì ní ìyá, opó àgbà kan tó ń dá gbé ní Ìyìn-Èkìtì, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ fẹ́lẹ́. Bí Morẹ́nikẹ́ bá fi lè sọ pé orúnkún ń dun òun, ó dá a lójú pé wọn á rí obìnrin àgbà kan. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kó sọ tara rẹ̀, kí orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ bàjẹ́, tàbí kó gbé e mì. Ó gbé e mì.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Èkìtì ni a wà. O lè jẹ́ gómìnà, bó o bá dé ilé ìyá ọkọ rẹ, orúnkún rẹ méjèèjì á kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ Àjíǹde, Morẹ́nikẹ́ dé Ìyìn, ó rọra tẹ ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ kú ọdún, Màmá." Màmá Ìyìn wo orúnkún tí kò kan ilẹ̀ yẹn lójú gbogbo ẹbí. Ó ní, "Ulé mi ni kò mọ́ tó ni, àbí ìyàwó ti di ọ̀gá àgbà fún èmi náà?" Ọdún Kérésì dé, bákan náà. Fúnkẹ́mi, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní ipò ló ń gùn ún. Láti ìgbà náà, búrẹ́dì tí Morẹ́nikẹ́ bá fi ránṣẹ́ sí Ìyìn, adìyẹ ló ń jẹ ẹ́.

Ó dùn ún, kí n má parọ́ fún yín. Ó fẹ́ràn ìyá náà. Nígbà tó bí Jùwọ́n àkọ́bí rẹ̀, Màmá ló wá wẹ ọmọ, tó fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ níkùn tó sì ń bú u bó ṣe ń ké. Ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n pe òun ní agbéraga ju kí wọ́n pe Màmá ní àjẹ́ lọ. Ibi tó fi ọ̀rọ̀ náà tì sí nìyẹn.

Àfi bí ìjọ wọn tó wà nítòsí Fájuyì ṣe yàn án ní Ìyá Ìjọ. Gbogbo èèyàn ló ní ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìjọ náà ní àṣà kan: Ìyá Ìjọ tuntun á kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ìyá ọkọ rẹ̀, bó bá ṣì wà láyé, á dìde lójú gbogbo èèyàn, á sì fà á lé ìjọ lọ́wọ́. Bí ìyá ọkọ bá wà láàyè tí kò wá, oyè ò ní ṣeé jẹ. Màmá Ìyìn sì ti ránṣẹ́ pé òun ò ní wá. "Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ fún mi," ló wí, "kí ni mo fẹ́ fà lé Ọlọ́run lọ́wọ́?"

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Olúgbénga ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá Jùwọ́n, kí ló ṣòro nínú ìkúnlẹ̀? Ìyá mi kò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ."

Morẹ́nikẹ́ wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ká ní ọkọ rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ sí i, ì bá sọ ọ́.

"Mo tiẹ̀ ti ń rò ó," ni Olúgbénga tún wí, "pé kí n gbé e lọ bá Màmá Mojísọ́lá. Ìjà ìwọ àti ìyá mi yìí, kì í ṣe ojú lásán."

"Ẹ dákun, ẹ má sọ fún wọn," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Mà á lọ bẹ Màmá lọ́la."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ takisí ní Fájuyì. Ọkọ̀ tirẹ̀ wà nílé, àmọ́ ó ti pẹ́ tí orúnkún ti kọ bíréèkì títẹ̀. Ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà ń gbóná jù.

Ẹ̀yìnkùnlé ló ti bá Màmá, lórí àpótí, tó ń pa ẹ̀gúsí sínú atẹ. Odó tí wọ́n fọ̀ wà nítòsí, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú òòrùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Ọ̀gá àgbà, ẹ káàbọ̀ o," ni Màmá wí, kò gbójú sókè. Ìyá ọkọ tó bá fi "ẹ" kí ìyàwó, ẹ̀yin náà mọ̀ pé èébú ló fi kí i.

Morẹ́nikẹ́ fi ọwọ́ di ògiri mú. Ó sọ orúnkún òsì kalẹ̀, ó sọ tọ̀tún tẹ̀lé e. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀ ibẹ̀. Ìrora náà gbéra láti orúnkún, ó gba itan kọjá, ó dé eyín rẹ̀.

"Màmá, mo jẹ̀bi. Ẹ má bínú sí mi mọ́. Ẹ bá mi dé ìjọ lọ́la, ẹ fà mí lé wọn lọ́wọ́."

Màmá ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ó jẹ́ kó kúnlẹ̀ dáadáa. Èmi ò bá a wí, ó ti pẹ́ tó ti ń retí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ tòun pẹ̀lú oyún nínú àti igi lórí, tí obìnrin náà á sì kọ́kọ́ bu omi mu kó tó dáhùn. Ó sọ ọ́ débi kan, ó tún un sọ. Ìgbà tí inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́. Dìde."

Morẹ́nikẹ́ ò dìde.

"Mo ní dìde. Àbí o fẹ́ kí n wá máa bẹ ìwọ náà ni?"

"Màmá, mi ò lè dìde."

Ìgbà yẹn ni Màmá tó gbójú sókè. Ó rí òógùn tó ń ṣàn gba abẹ́ gèlè ọmọ náà bọ̀, ó rí bó ṣe fi eyín di ètè mú. Atẹ ẹ̀gúsí bọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

Morẹ́nikẹ́ sọ ọ́. Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀, Àkúrẹ́, fọ́tò egungun, omi ẹ̀rọ tó ń ṣí láàárọ̀.

"Olúgbénga mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀."

"Mo bú ọ lọ́jà," ni Màmá wí. "Mo bú ọ lójú Fúnkẹ́mi, mo bú ọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rárá. O sì dákẹ́. Irú ọkàn wo nìyẹn?"

"Bí mo bá sọ, Màmá, wọn á wá ẹni tó ṣe é."

Màmá ò kọ́kọ́ lóye. Morẹ́nikẹ́ wá sọ ti Yèyé fún un, àti ti àpótí tó rù dé ìdíkọ̀. Nígbà tó parí, ìyá àgbà náà mi orí.

"Olúgbénga? Ọmọ tí mo bí? Kò jẹ́ ṣe é."

"Bàbá mi náà, Màmá, Yèyé ló bí i."

Màmá mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ó wo ẹ̀gúsí tó dà sílẹ̀, ó wo ilé rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn níbi tí ẹrù èèyàn lè gbà jáde. Ó ti dàgbà tó láti mọ àwọn tí wọ́n ti kó ẹrù wọn síta ní Ìyìn níbẹ̀, ó sì mọ orúkọ wọn.

"Ó dùn mí," ló wí. "Ó dùn mí dénú egungun."

Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó yí odó náà bíríbírí títí ó fi dé iwájú Morẹ́nikẹ́. "Gbé apá méjèèjì lé e. Tòsì ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀, má fi tọ̀tún ṣe nǹkan kan. Má kánjú, odó ò lọ síbì kankan. Báyìí lèmi náà ṣe ń dìde láàárọ̀. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fún ní orúnkún ni?"

Morẹ́nikẹ́ ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, Màmá sì gbá a mú lábíyá títí ó fi nà tán. Ó jókòó sórí àpótí Màmá. Màmá yọ́ òrí, ó fi ra orúnkún náà, ó sì ń bú u bó ṣe ń ra á, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe nígbà tó bí Jùwọ́n. Wọ́n jẹ uyán pọ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má sọ fún ẹnì kankan," ni Morẹ́nikẹ́ wí nígbà tó fẹ́ máa lọ. "Mà á fara dà á lọ́la. Ìkúnlẹ̀ yẹn ò ní pẹ́."

"Mo gbọ́," ni Màmá wí.

Ìjọ kún lọ́jọ́ Ìsinmi. Morẹ́nikẹ́ wọ aṣọ funfun, ó gbé orí sókè, ó ń rìn bọ̀ láàárín ìjókòó pẹ̀lú ìrìn ọlá rẹ̀ yẹn, obìnrin kan sì fi ìgúnpá gbún ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wo ọ̀gá. Àlùfáà dúró níwájú pẹpẹ, ó ní, "Ta ló fa obìnrin yìí lé wa lọ́wọ́?"

"Èmi ni," ni Màmá Ìyìn wí. Ó ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó sì dúró ti ìyàwó.

"Kí ó kúnlẹ̀," ni Àlùfáà wí.

Morẹ́nikẹ́ ti ń wá ibi tó máa fọwọ́ dì mú. Màmá na ọ̀pá síwájú rẹ̀.

"Ìyàwó mi ò ní kúnlẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ẹnu ọ̀nà. "Orúnkún ń dùn ún. Ó ti ń dùn ún tipẹ́, ó gbé e pamọ́ fún gbogbo yín àti fún ọkọ rẹ̀, nítorí kí ẹ má baà ní èmi ni mo ṣe é. Ara ìyá rẹ̀ ló ti jogún ẹ̀, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó tẹnu mi jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ríran, èmi rèé lórí ìdúró, kó wá rí mi."

 Morẹ́nikẹ́ di ọ̀pá náà mú. Ó ti rí ọjọ́ yìí lójú orun, ó sì mọ ohun tó kàn. Bó ṣe rò ó náà ló rí: Màmá Mojísọ́lá dìde láàárín àwọn aládùúrà, ó dijú, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀," ló wí. "Mo rí ìyá àgbà kan..."

Ọ̀dọ̀ Olúgbénga ni gbogbo ojú yí sí. Ọkùnrin tí kì í fi ohunkóhun pamọ́ fún ẹgbẹ́ aládùúrà, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ara ń ni ìyàwó òun. Ó dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó gbé àga tó jókòó lé, ó gbé e gba àárín ìjọ lọ síwájú pẹpẹ, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yíjú padà.

"Màmá Mojísọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ló wí. "Ìyá àgbà tí ẹ rí, ìyá mi ni. Ilé wa ló ń bá wa lọ tí a bá jáde níbí."

"N kò lọ sí ulé kankan," ni Màmá wí. "Ta ni yóò máa fún àwọn adìyẹ mi lóúnjẹ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ò rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní sọ fún yín pé Màmá Mojísọ́lá dákẹ́ títí dòní, nítorí ẹnu kì í sinmi ní Adó. Ṣùgbọ́n ó jókòó lọ́jọ́ yẹn. Àlùfáà gbé ọwọ́ lé orí Morẹ́nikẹ́ lórí àga, ọwọ́ Màmá sì wà léjìká rẹ̀ títí àdúrà fi parí.

Wọ́n ní kí Ìyá Ìjọ tuntun bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, gbogbo èèyàn sì ń retí ohùn tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò. Kò dìde. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, wọ́n sì gbọ́ pé ó gbọ̀n.

"Ìyá bàbá mi ń jẹ́ Ẹ̀bùnọlá," ló wí. "Kò ṣe ìyá mi ní nǹkan kan."

Lẹ́yìn náà ló tó kí wọn.